Ohùn Tí Bàbá Kò Mọ̀ Mọ́

"Ta ló ni gìtá yìí?" Ọ̀gá Wáyà béèrè láì gbójú sókè.

"Èmi ni, sà," Tíńtín dáhùn.

Irọ́ ni. Bàbá rẹ̀ ló ni ín, ọdún mẹ́ta ni gìtá náà sì fi dàgbà ju Tíńtín fúnra rẹ̀ lọ.

Ọ̀gá Wáyà, tí gbogbo onígìtá àdúgbò máa ń gbé iṣẹ́ lọ bá, kó píkọ́ọ̀pù méjì síwájú rẹ̀ lórí tábìlì. Píkọ́ọ̀pù ni òòfà kékeré tí wọ́n fi wáyà tín-ín-rín bí irun wé. Abẹ́ okùn gìtá ló máa ń wà, òun ló sì ń gbé ìró okùn lọ sínú ẹ̀rọ agbóhùnsókè. Èyí tó wà lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá tí okùn ń gbà kọjá, ló ti dákẹ́ lára gìtá yìí.

"Wò ó dáadáa," ni ọkùnrin náà wí. "Èyí, àfi bí ìbejì èyí tó kú. Ohùn ẹ̀ rọ̀, ó mọ́, kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Èkejì yìí, wáyà ara ẹ̀ pọ̀ gan-an. Tó o bá fọwọ́ kan okùn pẹ́nrẹ́n, á ké bí ẹni tí iná jó. O ò lè fojú mọ ìyàtọ̀ wọn, etí ló máa sọ fún ọ. Ẹni tó máa ta okùn ẹ̀ ló yẹ kó yan. Ìdí tí mo fi bi ọ́ nìyẹn."

Tíńtín mọ èyí tó yẹ kó mú. Ṣùgbọ́n ó rántí Ariwo, ọmọ kíláàsì rẹ̀ tó ń lu ìlù nínú ẹgbẹ́ olórin ilé ẹ̀kọ́ wọn, níbi tí Tíńtín ti máa ń ta gìtá Bàbá. Ariwo ló sọ lójú gbogbo wọn pé, "Gìtá bàbá ẹ yìí, ṣé ó ń kọrin ni àbí ó ń tọrọ gáfárà?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ariwo náà ló fi hàn án lórí fóònù bí wọ́n ṣe ń fi sikurudíráfà gbé píkọ́ọ̀pù sókè kó lè dún dáadáa. Tíńtín gbìyànjú rẹ̀ nígbà tí Bàbá wà níbi iṣẹ́. Sikurudíráfà yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì já wáyà tín-ín-rín náà.

"Èyí tó ń ké ni mo fẹ́, sà."

Owó tó rí níbi irun tó ń dì fún àwọn aládùúgbò ló san. Ọ̀gá Wáyà fi òjé jó o mọ́ ọn, ó de ìdérí rẹ̀ padà. Lójú, gìtá náà kò yàtọ̀ rárá.

Wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀ ni Bàbá. Ogún ọdún tó fi ń lu irin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa etí òsì rẹ̀ tán. Síbẹ̀, gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ló máa ń bá ẹgbẹ́ olórin kan ta gìtá nínú gbọ̀ngàn kan. Ẹ bá a wí nípa ohunkóhun, kò ní bínú. Ẹ má fọwọ́ kan ọjọ́ Àbámẹ́ta rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó wẹ̀ tán, ó so gìtá mọ́ ẹ̀rọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Kò pẹ́ tó fi dúró. Ó yí bọ́tìnnì, ó tún un ta. Ó pààrọ̀ wáyà ẹ̀rọ, ó tún un ta. Lẹ́yìn náà ó fi ìka dí etí òsì, ó ta okùn kan. Ó dí ti ọ̀tún, ó ta òmíràn.

"Tíńtín, wá bá mi gbọ́ nǹkan. Ṣé bó ṣe máa ń dún nìyí?"

Ibẹ̀ ni ì bá ti jẹ́wọ́. "Bẹ́ẹ̀ náà ni, sà. Kò sí ìyàtọ̀."

Bàbá tú gìtá kúrò lára ẹ̀rọ. "Ó dáa."

Nígbà tó yá, Tíńtín gbọ́ tí àwọn òbí rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn kọ́tìnnì.

"Ìyá Tíńtín, ó ti ṣẹlẹ̀."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Etí ọ̀tún. Dókítà sọ fún mi pé ó lè tẹ̀lé ti òsì. Ó ní ọjọ́ tí ohun tí mo mọ̀ bí ẹní mowó bá ń dún bí àjèjì létí mi, kí n mọ̀ pé ó ti bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Bóyá ẹ̀rọ yẹn ló bàjẹ́."

"Mo bi ọmọ, ó ní kò sí ìyàtọ̀. Ṣé ọmọ máa purọ́ fún mi ni?"

Tíńtín kò mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ dókítà tẹ́lẹ̀. Ó dúró síbẹ̀. Ó gbọ́ nígbà tí Bàbá pe olórí ẹgbẹ́ wọn lórí fóònù: "Ẹ wá ẹlòmíràn. Mi ò fẹ́ máa ba orin jẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́."

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá gbé gìtá náà fún un. "Gbà. Ìwọ ni etí ẹ ṣì pé. Tìẹ ni láti òní lọ."

Irọ́ tó pa ní ṣọ́ọ̀bù wá di òótọ́, ó sì kọ́ ọ lọ́rùn.

Nílé ẹ̀kọ́, gìtá náà ké, Ariwo sì fò sókè. "Ẹ gbọ́! Ẹ gbọ́ o! Èyí gan-an là ń wí!" Eyín nìkan ni Tíńtín fi rẹ́rìn-ín. Nílé, Bàbá ti ń wo ẹnu àwọn tó ń bá a sọ̀rọ̀. Ìyá Tíńtín náà ti ń pariwo láti sọ ohun kékeré fún un.

Ó ku ọjọ́ kan kí ẹgbẹ́ olórin Tíńtín ṣeré ní ilé ẹ̀kọ́. Tíńtín ń fi gìtá dánra wò nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, Bàbá sì gbé àpótí ìjókòó wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gbọ́ ọ títí tó fi parí.

"Ṣàpèjúwe ẹ̀ fún mi," ni Bàbá wí.

"Kí ni, sà?"

"Ohùn ẹ̀. Létí tèmi, bí ìgbà tí wọ́n ń gé irin ni. Mo mọ̀ pé kì í ṣe bó ṣe rí nìyẹn. Létí tìẹ ńkọ́? Ṣé ó ṣì rọ̀?"

Tíńtín gbé gìtá sílẹ̀. "Bàbá, bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Ó ń gé èèyàn létí lóòótọ́. Kò sóhun tó ṣe etí yín." Ó sì sọ gbogbo rẹ̀, láti orí sikurudíráfà títí dé orí "kò sí ìyàtọ̀."

Bàbá kò pariwo. Ó ní kó mú sikurudíráfà wá. Ó tú ìdérí, ó wo píkọ́ọ̀pù tuntun náà, ó sì fi ìka kàn án.

"Ọjọ́ mẹ́tàlá," ni ó wí. "Ọjọ́ mẹ́tàlá ni mo fi ń dágbére fún etí ara mi. Ò ń gbé oúnjẹ fún mi, o sì ń wò mí."

"Ẹ forí jì mí, sà."

"Kì í ṣe ti gìtá ló ń dùn mí. Èmi náà ti já wáyà rí. Ṣùgbọ́n mo pè ọ́, Tíńtín. Mo pè ọ́, mo sì bi ọ́."

Bàbá lọ bá olórí ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti gba ọ̀dọ́mọkùnrin kan, wọ́n sì ti ṣèlérí fún un títí di òpin ọdún. "Kò ṣẹ̀ wá," ni olórí wí. "Mi ò lè lé e." Gìtá náà ti padà sọ́wọ́ Bàbá, Tíńtín kò sì bá ẹgbẹ́ tirẹ̀ ṣeré nílé ẹ̀kọ́. Ariwo ní ó ti ba gbogbo nǹkan jẹ́ fún àwọn. "Mo mọ̀," ni Tíńtín fèsì.

Bàbá mú un padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá Wáyà wò ó látòkèdélẹ̀. "Ìwọ onígìtá," ni ó wí, kò sì tún bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Bàbá di ojú, ó gbọ́ ọ̀kan, ó gbọ́ èkejì, ó sì nawọ́ sí èyí tó rọ̀. "Òun nìyí." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ṣùgbọ́n kò sí gbọ̀ngàn kankan tó ń dúró dè é mọ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Bàbá sọ pé òun ti dárí jì í, kò sì tún mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ń múra láti jáde.

"Tíńtín, ṣé òjò ti dá níta?"

"Ó ti dá, sà."

Bàbá dìde, ó lọ sí ojú fèrèsé, ó ṣí kọ́tìnnì, ó sì wò ó fúnra rẹ̀.

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ náà tó wá yé Tíńtín. Wákàtí kan péré ni Ọ̀gá Wáyà fi tún gìtá ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu òun tó ti bàjẹ́ létí Bàbá, kò sí ṣọ́ọ̀bù tí òun lè gbé e lọ fún àtúnṣe. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò tún un ṣe, pẹ̀lú òtítọ́ kékeré lójoojúmọ́, títí di ọjọ́ tí Bàbá yóò bi í ní nǹkan tí kò sì ní dìde lọ wò ó.