Sípíkà Méjì fún Adití

Ohùn àkọ́kọ́ tó jáde nínú sípíkà náà kì í ṣe orin tí Aránṣọ fi sí i. Ikọ́ ni. Ikọ́ kékeré kan, bíi ti ẹni tó dúró lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, tó fẹ́ kí ará ilé mọ̀ pé òun ti dé. Lẹ́yìn náà ni orin tó wọlé.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Màmá," ni ọ̀gbẹ́ni tó ń ta sípíkà wí, láìwo ẹ̀yìn. Ó rò pé obìnrin náà ló húkọ́.

"Èmi kọ́," ni Aránṣọ wí. Ọ̀gbẹ́ni náà kò gbọ́.

Aláriwo ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí pé láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni ìsọ̀ rẹ̀ ń ké bí ibi tí wọ́n ti ń lé olè. Ṣùgbọ́n tó bá di ká bá oníbàárà yan ọjà, jẹ́jẹ́ ló máa ń sọ̀rọ̀. Ó ti to oríṣi mẹ́ta síwájú Aránṣọ.

"Ẹ má fi ojú ra sípíkà, etí ni wọ́n fi ń rà á. Ẹ wo èyí tó rí gbọọrọ bíi pákó yìí, abẹ́ tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń gbé e sí. Ó dára, àmọ́ owó rẹ̀ ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Rìbìtì yìí, ti fóònù ni. Tẹ́ ẹ bá gbé e síwájú tẹlifíṣọ̀n, ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ á ti pa dé kí ọ̀rọ̀ tó jáde. Méjì yìí ni kẹ́ ẹ mú. Agbára wọn wà nínú ara wọn, wọn ò nílò ẹ̀rọ mìíràn. Wáyà kan péré sí tẹlifíṣọ̀n, fóònù yín náà á sì wọlé sí i láìsí wáyà. Owó wọn ò sì pani lára."

"Ṣé adití á gbọ́ ọ? Baba ilé mi ni mo tìtorí ẹ̀ wá."

Aláriwo rẹ́rìn-ín. "Adití ò fẹ́ ariwo, Màmá, ọ̀rọ̀ tó mọ́ ló ń fẹ́. Báàsì tó ń dún gbìì-gbìì yẹn, àyà ló ń gbọ́ ọ. Ẹ fi ohùn ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ dán an wò."

Aránṣọ fi ọ̀rọ̀ tí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ti sọ ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀ sí i. Ohùn náà jáde, ó mọ́ rekete, bí ẹni pé àbúrò rẹ̀ jókòó sórí àga Aláriwo. Ó ra méjèèjì, ó sì gbé wọn relé.

Baba Aago ni wọ́n ń pe ọkọ rẹ̀, torí iṣẹ́ títún aago ṣe ló ṣe jẹun. Ọdún kọkànlá rèé tí ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ ti kú nínú yàrá ẹ̀yìn. Ikọ́ fée ló dà á láàmú lọ́sàn-án ọjọ́ kan, oògùn tó máa ń fà sẹ́nu sì wà ní pálọ̀, lórí tábìlì tẹlifíṣọ̀n, níbi tí ọkọ jókòó sí. Ó pè é, kò gbọ́. Nígbà tí àwọn ènìyàn dé, Baba Aago ń sunkún, ó ń gbá etí ara rẹ̀, ó ní etí òun ti ń kú láti ọjọ́ yìí, òun kò kàn fẹ́ kí àwọn oníbàárà mọ̀ ni. Gbogbo ayé bá a sunkún. Ó ti ìsọ̀ rẹ̀ pa, ó ní òun kò gbọ́ dídún aago mọ́. Nígbà tí ọdún yípo, ó fẹ́ Aránṣọ, ẹni tó ń bá a rán ṣòkòtò.

Láti ọjọ́ náà ni Aránṣọ ti ń pariwo. "Oúnjẹ ti délẹ̀ o!" Ariwo. "Ẹ káàárọ̀ o!" Ariwo. Ohùn rẹ̀ ti há bíi ti ẹni tó ń kiri ọjà, àwọn oníbàárà tuntun sì máa ń rò pé tọkọtaya náà ń jà ni.

Ó gbé sípíkà méjèèjì sí apá ọ̀tún àti apá òsì tẹlifíṣọ̀n, ó ki wáyà bọ̀ ọ́, ó sì padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ní ìdí fèrèsé. Baba Aago mi orí, ó ní, "Mò ń gbọ́ ọ! O kú iṣẹ́!"

Ọjọ́ kejì ni Aránṣọ ṣàkíyèsí. Obìnrin kan ń ka ìròyìn, ohùn mìíràn sì wà lábẹ́ ohùn rẹ̀, bí omi tó ń ṣàn lábẹ́ ilẹ̀. Ikọ́, lẹ́yìn náà mímí tó ń súfèé. Lẹ́yìn náà ohùn obìnrin kan, ó rẹ̀ ẹ́, síbẹ̀ kò bínú: "Ẹ bá mi mú oògùn mi wá."

Ó rò pé eré ni wọ́n fẹ́ ṣe lẹ́yìn ìròyìn. Ó mú rìmóòtù, ó dín ohùn tẹlifíṣọ̀n kù. Ohùn ẹni tó ń ka ìròyìn lọ sílẹ̀, ohùn kejì kò kúrò níbi tó wà. Ó dín in kù títí ọ̀rọ̀ ìròyìn fi tán pátápátá, ẹnu lásán ló ń mì lójú tẹlifíṣọ̀n.

"Ẹ bá mi mú oògùn mi wá."

Kò ju kí abẹ́rẹ́ jábọ́ sórí aṣọ lọ. Aránṣọ fúnra rẹ̀ na ọrùn kó tó gbọ́. Ṣùgbọ́n Baba Aago, adití ilé, tó ń mi ẹsẹ̀ rẹ̀ láti òwúrọ̀, dá ẹsẹ̀ náà dúró. Orí rẹ̀ yí díẹ̀, síhà yàrá ẹ̀yìn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà Aránṣọ kó sípíkà padà sí ìsọ̀. Aláriwo dán wọn wò pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ àti fóònù tirẹ̀. Wọ́n mọ́ bí omi òjò. Ó ní, "Màmá, ẹ̀rù ọjà tuntun ló ń bà yín." Síbẹ̀, torí pé ọmọlúàbí ni, ó tú páálí mìíràn, ó fún un ní méjì mìíràn tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò tíì kàn.

Aránṣọ dé ilé, ó so wọ́n. Kò tíì tan tẹlifíṣọ̀n rárá.

"Baba Aago," ni ohùn náà wí, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Ọkùnrin náà di apá àga mú.

Aránṣọ dúró lẹ́yìn àga náà. Ó wo ẹ̀yìn orí tó ti ń pariwo sí láti ọdún mẹ́wàá wá. Ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó sì sọ ọ́ ní ohùn tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́: "Aáyán wà lọ́rùn yín."

Baba Aago gbá ọrùn ara rẹ̀ pàá.

Ọwọ́ náà kò tètè kúrò níbẹ̀. Ó yíjú padà díẹ̀díẹ̀, ojú àwọn méjèèjì sì pàdé. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣègbéyàwó, ó bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ọkọ ti ń bá aya sọ̀rọ̀.

"Jọ̀ọ́. Gbé e kúrò nínú ilé yìí."

"Kí ló dé? Ṣé ó ń dí yín létí ni?"

"Mo bẹ̀ ọ́."

Aránṣọ ń ro ọ̀nà ọ̀fun tirẹ̀ tó ti há. Ó ń ro obìnrin tó dùbúlẹ̀ sí yàrá ẹ̀yìn, tó ń fi èémí tó kù fún un pe ẹni tí etí rẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ aáyán. Ohun kan le nínú rẹ̀ bíi sìmẹ́ńtì tó gbẹ. Ó mú rìmóòtù, ó tan tẹlifíṣọ̀n, ó sì gbé ohùn rẹ̀ sókè.

"Ẹ jókòó," ló wí. "Ẹ máa gbọ́ tẹlifíṣọ̀n yín."

Bó ti ń ṣe é ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan nìyẹn. Kó tó ki òwú bọ abẹ́rẹ́, yóò kọ́kọ́ tan sípíkà. Ohùn náà kò bú ẹnikẹ́ni, kò sì halẹ̀. Oògùn nìkan ló ń béèrè, tó bá ti béèrè lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án, yóò dákẹ́, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Baba Aago kò jẹun dáadáa mọ́. Tó bá fẹ́ jáde síta, yóò dé ẹnu ọ̀nà, yóò dúró, yóò sì padà wá jókòó, bí ẹran tí wọ́n so. Aránṣọ ń wò ó láti ìdí ẹ̀rọ rẹ̀. Àánú rẹ̀ kò ṣe é. Ká má parọ́, ó ń dùn mọ́ ọn nínú.

Ní ọjọ́ karùn-ún, ó ti inú ilé ìdáná jáde, ó bá Baba Aago tó mú àlùmọ́gàjí tí òun fi ń gé aṣọ, tó ti gé wáyà méjèèjì sí wẹ́wẹ́. Ó ń mí gúlegúle. Pálọ̀ pa rọ́rọ́. Ó jọ pé ó rí ìsinmi fún ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà orí rẹ̀ tún yí síhà yàrá ẹ̀yìn.

Aránṣọ tẹ́tí sílẹ̀. Kò gbọ́ nǹkan kan.

Nígbà tó di òwúrọ̀, ó kí i. Kò dáhùn. Ó pariwo bó ṣe ń pariwo tẹ́lẹ̀. Kò dáhùn. Ó mú ìdérí ìkòkò, ó jù ú sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó dún gbàràmù, oníbàtà tó ń ran bàtà ní òdìkejì òpópónà sì yọjú. Baba Aago kò ṣẹ́jú. Wọ́n ní bí irọ́ bá rìn fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ á bá a. Ti Baba Aago yàtọ̀ díẹ̀: irọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló di òótọ́.

Ìyẹn kò tó Aránṣọ. Ó pe àbúrò olóògbé náà lórí fóònù, obìnrin tó ń ṣe búrẹ́dì, tí kò tíì fẹsẹ̀ kan ilé náà láti ọjọ́ ìsìnkú. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá. Ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kẹ́ ẹ fi etí ara yín gbọ́."

Oníbúrẹ́dì dé lọ́sàn-án, ìyẹ̀fun ṣì wà ní ìgúnpá rẹ̀. Ó kí Baba Aago, kò dáhùn. Ó jókòó sí etí àga, kò sì gba omi tí wọ́n fi lọ̀ ọ́. Aránṣọ mú ìwé tó ń kọ ìwọ̀n aṣọ sí, ó kọ ọ́ gàdàgbà: *Àbúrò rẹ̀ ti dé. Sọ fún un.* Kò fi "ẹ" kan kún un. Ó nà án síwájú ọkọ rẹ̀.

Baba Aago kà á. Ó ṣí ẹnu, ohùn tó sì jáde tóbi ju pálọ̀ lọ, torí adití òótọ́ kì í gbọ́ bí òun ti ń pariwo tó.

"Mo gbọ́ ọ! Ìgbà àkọ́kọ́ tó pè mí ni mo ti gbọ́! Ó pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án! Oògùn náà wà nítòsí orúnkún mi! Mò ń gba fóònù ni, ọ̀rọ̀ náà sì dùn, mo ní kí n sọ̀rọ̀ tán ná! Nígbà tó yá, kò pè mí mọ́. Mo mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Mo tún sọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i!"

Ní òdìkejì òpópónà, òòlù oníbàtà dúró. Obìnrin méjì tó ń kọjá dúró pẹ̀lú.

Oníbúrẹ́dì kò sunkún. Ó kàn ń fi àtàńpàkò ha ìyẹ̀fun ìgúnpá rẹ̀ kúrò, díẹ̀díẹ̀. Inú Aránṣọ tutù. Ó ní lọ́kàn rẹ̀ pé, ó tó báyìí, ó ti tán.

Ṣùgbọ́n Baba Aago kò tíì parí. Ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn, ó ń mi orí bí ọmọ tí tíṣà ń bá wí, lẹ́yìn náà ó yíjú padà.

"Ó ní kí n sọ ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù." Ó na ọwọ́ sí Aránṣọ. "Òun nìyí. Ó gbọ́ ikọ́ náà. Ó bi mí, ó ní, 'Ta ló ń húkọ́ bẹ́ẹ̀ yẹn?' Mo ní tẹlifíṣọ̀n ni."

Aránṣọ rántí. Ká sọ ọ́ bó ṣe rí, kò tilẹ̀ gbàgbé rí; ó kàn ká a bí aṣọ tí kò bá ènìyàn mu, ó fi sí ìsàlẹ̀ àpótí. Ọ̀sán kan, fóònù láàrin etí àti èjìká, ṣòkòtò ọkùnrin náà lábẹ́ abẹ́rẹ́, ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀. Ikọ́ ń lọ lọ́wọ́, ohùn kan sì ń pe, "Baba Aago." Ẹ̀rọ tẹlifíṣọ̀n kankan kì í pe ènìyàn ní orúkọ ìnagijẹ rẹ̀. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ó ní, "Ẹ̀yin náà sì fẹ́ràn eré jù," ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

"Ìwọ náà gbọ́?" ni Oníbúrẹ́dì bi í, ohùn rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́.

Aránṣọ ní, "Mo gbọ́, Àǹtí."

Oníbúrẹ́dì dìde. Ó tún ìborùn rẹ̀ wé. "Mi ò ní bú ọ. Mi ò sì ní lù ọ́. Ẹjọ́ yìí ní ẹni tó ni ín."

Nígbà náà ni Baba Aago dìde, ó fà sẹ́yìn kúrò ní ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn, bí ènìyàn ti ń yà fún ẹni tó ń jáde bọ̀. Ojú rẹ̀ bá nǹkan kan rìn: ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ó yí tábìlì po, ó sì dúró síbi tí Aránṣọ jókòó sí.

"Ó ti dé ọ̀dọ̀ rẹ," ló wí. Ohùn rẹ̀ kò pariwo mọ́. Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́, ẹnu sì ya òun fúnra rẹ̀, torí ó gbọ́ ara rẹ̀.

Oníbúrẹ́dì tún sọ nǹkan kan lẹ́nu ọ̀nà kó tó jáde. Aránṣọ rí i tí ètè rẹ̀ mì. Ó wo ojú fèrèsé. Ní òdìkejì òpópónà, oníbàtà gbé òòlù sókè, ó sì sọ̀ ọ́ lu gìgísẹ̀ bàtà, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, Baba Aago sì ń ṣẹ́jú sí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Aránṣọ kò gbọ́ ẹyọ kan níbẹ̀.