Orúkọ Mẹ́ta fún Iṣẹ́ Kan

Òjò ti rẹ Othniel dé egungun nígbà tí Fẹ́yìsetán kọ́kọ́ rí i ní Ìkirè, kóòtù rẹ̀ ló fi wé kọ̀ǹpútà. Ó wá fi èdè kọ̀ǹpútà tó fi Yorùbá ṣe han àwọn olùkọ́. Ó ti to àwọn àṣẹ rẹ̀ sínú àpótí-àpótí: ti àkójọ, ti ọ̀rọ̀, ti fáìlì.

Fẹ́yìsetán, olùkọ́ Yorùbá láti Apòmù, nawọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí mo bá fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe pọ̀ tó, nínú àkójọ, 'iye' ni. Nínú ọ̀rọ̀, ó di 'gígùn'. Nínú fáìlì, 'ìwọ̀n'. Iṣẹ́ kan náà ni. Kí ló dé tó fi jẹ́ orúkọ mẹ́ta?"

Othniel ní, "Ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo kọ wọ́n. Kò sẹ́ni tó wà nítòsí tó máa bi mí."

Ìdáhùn náà ò kúrò lọ́kàn Fẹ́yìsetán. Láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé ló ń wọkọ̀ lọ bá Othniel ní Ìkirè, tí àwọn méjèèjì ń yẹ orúkọ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi jiyàn lórí "yọ" àti "pa rẹ́".

"Olùkọ́ mi, o lágídí o."

"Ṣé o fẹ́ kí n má bi ọ́ mọ́ ni?"

"Rárá o, ìfẹ́ mi."

Nígbà tí Othniel wá tọrọ rẹ̀ láti fẹ́, bàbá Fẹ́yìsetán, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, kọ̀ jálẹ̀. "Ilé Áńgílíkà nilé yìí. Mi ò ní fọmọ fún Aládùúrà."

Kò pé oṣù kan tí rọpárọsẹ̀ fi kọlù ú. Apá ọ̀tún rẹ̀ kú, kò sì lè sọ̀rọ̀ mọ́.

Fẹ́yìsetán kọ̀wé sí Othniel pé kó má dúró de òun mọ́. Lọ́jọ́ kejì, Othniel dé Apòmù, ó ká apá ẹ̀wù rẹ̀, ó gbé bàbá lọ sí balùwẹ̀. Oṣù márùn-ún ló fi ń wá. Bó bá ti wọlé, bàbá á kọjú sí ògiri.

Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn bàbá ni àwọn méjèèjì ti parí àwọn orúkọ tó kù. Bí wọ́n bá dárúkọ èyí tí kò tọ́, bàbá á fi ìka òsì kan ògiri, wọn a sì wá òmíràn. Ṣùgbọ́n kò yíjú padà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Fẹ́yìsetán ní, "Bàbá ò gbà ọ́ títí tí wọ́n fi lọ."

"Mo mọ̀."

"Kí ló dé tí o ṣì ń wá nígbà náà?"

"Kó má baà jẹ́ ìwọ nìkan ló ń gbé wọn."

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n ṣègbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì bàbá, láìsí àsè. Fẹ́yìsetán sunkún níwájú pẹpẹ. Othniel ò sọ pé kó dákẹ́, ó kàn di ọwọ́ rẹ̀ mú títí ẹkún náà fi tán.