Omi Tó Ń Ṣàn Lọ Sílé Màmá Kùdírátù

Oṣù mẹ́ta péré ni Túbọ̀sún, tó jẹ́ tíṣà, àti Mọ́níkẹ́ aya rẹ̀, tó ń ṣe àdìrẹ, ti kó dé ilé tuntun wọn ní Igbẹ̀ìn nígbà tí òjò ọdún 1983 bẹ̀rẹ̀ sí í le.

Ẹ̀gbẹ́ òkè ni ilé náà wà. Páànù rẹ̀ ń dán, sìmẹ́ǹtì sì ni wọ́n fi tẹ́ gbogbo àgbàlá. Bí òjò bá ti dá, ilẹ̀ wọn á gbẹ kíá. Inú wọn a máa dùn sí i.

Wọn kò béèrè ibi tí omi náà ń lọ.

Ìsàlẹ̀ wọn ni ilé amọ̀ Màmá Kùdírátù wà. Opó arúgbó ni, òun ló yọ̀ǹda kànga rẹ̀ fún wọn ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń kọ́lé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, lẹ́yìn òjò ńlá, Mọ́níkẹ́ gbé ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ fún un.

"Ẹ kú òjò o, Màmá."

"Káàbọ̀, ìyàwó mi. Jókòó síta níbí, atẹ́gùn wà."

Àmọ́ Mọ́níkẹ́ ti wọ yàrá lọ láti gbé àwo kalẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ rì sínú ẹrẹ̀. Ògiri ẹ̀yìn ibùsùn ti rin gbingbin, ó sì ti là.

"Màmá! Láti ìgbà wo?"

Arúgbó náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Láti ìgbà tí ẹ ti kan páànù. Ọjọ́ tí ẹ wọlé, mo rí bí ọkọ rẹ ṣe ń jó. Mi ò fẹ́ ba ayọ̀ yín jẹ́."

Omijé lé sójú Mọ́níkẹ́. Ó sáré gòkè lọ sọ fún ọkọ rẹ̀.

"Òjò Ọlọ́run ni," ni Túbọ̀sún wí. "Ta ló lè dá òjò dúró?"

"Ẹ wá fojú ara yín wò ó."

Ó wò ó. Ó jáde wá. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Màmá nínú ẹrẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ pe Ọ̀gbẹ́ni Jùbrílù, wolé-wolé ìjọba ìbílẹ̀. Wolé-wolé yí ilé náà po.

"Tíṣà, òjò kò ṣẹ̀," ni ó wí. "Kí ẹ tó kọ́lé, koríko àti erùpẹ̀ ló ń mu omi yìí. Nísinsìnyí, páànù ń kó o jọ, sìmẹ́ǹtì ń tì í lọ sọ́dọ̀ Màmá. Ó yẹ kí ẹ ti gbẹ́ kòtò tí yóò máa fà á mu, èyí tí àwọn bíríkìlà ń pè ní sókàwéè."

"Ṣé ká kúkú darí rẹ̀ sínú ṣáláńgá wa?"

"Háà, rárá! Ìgbẹ́ á kún jáde, á sì dé kànga. Kòtò tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni. Kó jìnnà sí ìpìlẹ̀ ilé, kó jìnnà sí kànga. Ẹ kọ́kọ́ da omi sí i. Bí kò bá tètè fà, àpáta ló wà nísàlẹ̀, ẹ wá ibòmíràn. Bó bá fà, ẹ kó òkúta sí i, kí ẹ dé e. Ẹ ri páìpù láti ẹnu rẹ̀ lọ sí gọ́tà, kí omi lè rọ́nà lọ lọ́jọ́ tí kòtò bá kún. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣe é tán, ẹ má jẹ́ kí Màmá sùn nínú yàrá yẹn."

Màmá kọ̀. "Ilé ọkọ mi nìyí."

Mọ́níkẹ́ kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Ẹ má jẹ́ ká fi ilé tuntun sunkún."

Màmá dìde. Ó bá Mọ́níkẹ́ gòkè lọ sílé tuntun náà.

Kòtò àkọ́kọ́ kan àpáta. Ìkejì ni wọ́n ń gbẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí òjò mìíràn dé. Gbogbo wọn sá wọlé. Kò pẹ́, wọ́n gbọ́ gbìì! Ògiri náà ti wó, orí ibùsùn Màmá gan-an ló wó lé.

"Àlùhámúdù lílááhì," ni Màmá sọ jẹ́jẹ́. Túbọ̀sún bú sẹ́kún.

Wọ́n parí kòtò náà. Túbọ̀sún àti àwọn aládùúgbò sì fi búlọ́ọ̀kù tún ògiri Màmá mọ. Nígbà tí òjò oṣù kẹsàn-án rọ̀, ilẹ̀ yàrá náà gbẹ táútáú. Ọjọ́ tí Màmá padà sílé rẹ̀, Mọ́níkẹ́ sunkún, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ogún ìṣísẹ̀ péré ló wà láàárín ilé méjèèjì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé, omi tó kúrò lórí òrùlé yín kò tíì kúrò lọ́rùn yín. Ẹ gbẹ́ kòtò omi òjò kí ẹ tó kó wọlé. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ ṣáláńgá. Ẹ dé e dáadáa, kí ọmọdé má bàa kó sí i, kí ẹ̀fọn má sì yé síbẹ̀. Ẹ máa kó ìdọ̀tí inú gọ́tà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí kò bá yé yín, ẹ lọ bi wolé-wolé.

Bí òjò bá sì ti dá, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ kí ará ìsàlẹ̀ yín. Ẹ má dúró dìgbà tó bá ké sí yín.