Lẹ́tà Tó Kọ̀yìn Sí Kòdànù

Orí àkàbà ni ọkùnrin náà wà lọ́jọ́ tí Kòdànù kọ́kọ́ rí i. Ó dojú kọ gíláàsì fèrèsé, ó kọ̀yìn sí gbogbo wa, búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ ọ̀tún, agolo ọ̀dà funfun lọ́wọ́ òsì. Oòrùn àárọ̀ ń gba ìta wọlé, òjìji lẹ́tà tó ń kọ sì nà gbọọrọ sórí tábìlì, sórí búrẹ́dì àwọn oníbàárà, títí dé orí pípá bàbá kan tó ń mu tíì rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, tí kò mọ̀ pé wọ́n ti kọ ẸYIN DÍNDÍN sí òun lórí.

Ife tíì mẹ́rin ni Kòdànù gbé lọ́wọ́. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ ní Kòdànù, nítorí láti ìgbà tó ti ń gbé tíì nílé oúnjẹ ìyá rẹ̀, ẹ̀kán kan kò dànù rí. Láàárọ̀ yìí, ó wòkè, ó rí ẹ̀yìn ọrùn ọkùnrin náà, ó sì rí i pé ọwọ́ ọ̀tún ló ti bẹ̀rẹ̀ ìwé tó ń kọ tó ń bọ̀ wá sí òsì. Ibi tó ti ń wò ó ni ife kan ti yọ̀, tó dà sínú bàtà tí ọkùnrin náà bọ́ sẹ́sẹ̀ àkàbà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú."

"Kò burú," ọkùnrin náà wí lókè. "Bàtà náà ò tíì jẹun láàárọ̀."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi tí mò ń dáná lẹ́yìn káńtà, mo rín in dé ibi tí ẹyin fi jóná. Kòdànù nìkan ni ojú ń tì. Ó ní, "Ẹ̀yin náà lẹ ń fi ẹ̀yìn kọ̀wé. Ẹni tó bá ń fi ẹ̀yìn rìn á já sí kòtò."

"Inú ilé ni mo wà, ìta lẹni tó máa kà á wà. Bó o bá jáde, wàá rí i pé ó gún régé. Jáde lọ kà á."

"Mo níṣẹ́ lọ́wọ́," Kòdànù fèsì, ó sì sá wọ ilé ìdáná wá bá mi. Kò mọ̀wé. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ìyá rẹ̀ sì yọ ọ́ níléèwé kó wá máa gbé àwo.

Ẹ ò lè mọ òpópónà yẹn mọ́ bí mo bá mú yín débẹ̀ lónìí. Ilé oúnjẹ méje ló wà níbẹ̀ nígbà náà, láàárín ìlú gan-an. Jókòó-Pẹ́ wà níbẹ̀, tí ẹni tó ni ín kì í lé èèyàn, kódà bó bá ti sùn lórí tábìlì. Abẹ́-Àtẹ̀gùn wà níbẹ̀, àpótí ìjókòó mẹ́fà péré, bí ẹnì keje bá dé, ẹnì kan á dìde láìjẹ́ pé wọ́n sọ fún un. Tiwa ni Fèrèsé Méjì. Ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí ni gbogbo rẹ̀ báyìí. Ìgbà mìíràn tí mo bá ń kọjá, imú mi á gbọ́ òórùn àlùbọ́sà níbi tí kò sí àlùbọ́sà, orin tí mo máa ń kọ fún Kòdànù bó bá gbé àwo á sì bọ́ sí mi lẹ́nu:

Rọra gbé e, rọra gbé e,
Tíì gbígbóná kì í sáré.
Ẹni tó sáré á fi jóra,
Ẹni tó rọra á fi mu.

Ọkùnrin náà kò wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó lọ. Gbogbo ọjọ́ Ajé ló ń wá fọ oúnjẹ ọ̀sẹ̀ tó kọjá kúrò lójú gíláàsì kó kọ ti ọ̀sẹ̀ tuntun. A sọ ọ́ ní Oníbúrọ́ọ̀ṣì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Kòdànù lọ bá a pẹ̀lú ohùn kékeré, bí ẹni tó fẹ́ yá abẹ́rẹ́.

"Kí lẹ kọ síbẹ̀ yẹn?"

"Èwo níbẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

Oníbúrọ́ọ̀ṣì wò ó, ọ̀rọ̀ sì yé e. Kò rẹ́rìn-ín. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fà á jókòó sídìí fèrèsé. "Wo èyí. B nìyẹn. Ikùn rẹ̀ ló yọ sápá ilé ìdáná yẹn, bíi ti ẹni tó fẹ́ búrẹ́dì sí i. E nìyí, ìka mẹ́ta ló nà sí ilé ìdáná. L, ẹsẹ̀ kan ló nà síbẹ̀."

"Gbogbo wọn lebi ń pa."

"Ta ni ebi ò ní pa nílé oúnjẹ?"

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kòdànù á ki ìka bọ omi, á kọ ọ́ sórí tábìlì bó ṣe rí i lójú gíláàsì, Oníbúrọ́ọ̀ṣì á ní ó dára. Àṣìṣe wà níbẹ̀ o, àwọn méjèèjì ò sì mọ̀. Ẹni tó ti fi ọdún mẹ́wàá kọ̀wé láti ẹ̀yìn gíláàsì, ọ̀tún àti òsì ti di ọ̀kan náà lójú rẹ̀. Kò sọ fún ọmọbìnrin náà pé inú ilé nìkan ni lẹ́tà ti ń wo ilé ìdáná, pé lójú ìwé gidi, òdìkejì ni wọ́n ń wò. Kòdànù kò bèèrè. Kò pẹ́ tó fi ń ka fèrèsé sókè fún àwọn oníbàárà, àyà rẹ̀ ga, gbogbo ènìyàn sì gbà pé ó ti mọ̀wé.

"Tíì rẹ tí kì í dànù yìí," Oníbúrọ́ọ̀ṣì á wí.

"Ó dànù lẹ́ẹ̀kan."

"Láti ọjọ́ náà lẹsẹ̀ mi ti ń tutù, ayọ̀ mi. O ò ṣe fẹ́ mi kó lè gbóná?"

Ìyá rẹ̀ gbọ́ ìyẹn. Màmá kì í pariwo. Ó dúró títí oníbàárà fi tán, ó wá ti ilẹ̀kùn.

"Kí ni ọkùnrin yẹn ní?"

"Ó níṣẹ́, Màmá."

"Orí àkàbà niṣẹ́ rẹ̀ wà. Ṣé o mọ ibi tí wọ́n ti gbé bàbá rẹ wá bá mi? Ìdí àkàbà. Mo ní kó jẹun kó tó lọ kan páànù onípáànù, ó ní òun ń bọ̀ báyìí. Mo ṣì ń gbé oúnjẹ náà kaná nígbà tí wọ́n gbé e dé." Màmá nu tábìlì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. "Fẹ́ Oníbúrẹ́dì tó ń gbé búrẹ́dì wá fún wa láràárọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kúrò nílẹ̀."

Ó sọ fún Oníbúrọ́ọ̀ṣì náà lójúkojú. Oníbúrọ́ọ̀ṣì dọ̀bálẹ̀, ó gbé àkàbà rẹ̀, ó sì kúrò nílùú.

Oṣù mẹ́ta kọjá. Oúnjẹ tó kọ gbẹ̀yìn sì ń ṣí kúrò lójú gíláàsì díẹ̀díẹ̀. Láàárín ìgbà náà làwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kan ra gbogbo òpópónà náà. Jókòó-Pẹ́ lọ, Abẹ́-Àtẹ̀gùn lọ. Wọ́n ní ọjọ́ Ẹtì làwọn máa wá yọ gíláàsì tiwa. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, àwọn ènìyàn Oníbúrẹ́dì ń bọ̀ wá sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó.

Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni lẹ́tà Oníbúrọ́ọ̀ṣì dé.

Kòdànù gbé e wọ ilé ìdáná, ó já a, ojú rẹ̀ sì yí padà. Lẹ́tà O wà níbẹ̀, ó mọ̀ ọ́n. Lẹ́tà A wà níbẹ̀, ó ya ẹsẹ̀ bó ṣe máa ń yà á. Ṣùgbọ́n B kọ ikùn sí ibòmíràn. E na ìka síbi tí kò yẹ. L na ẹsẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ máa lọ.

"Ó ti kọ̀yìn sí mi, Àǹtí Ìdáná," ó sọ fún mi. "Gbogbo wọn ló yí padà. Ẹni tó bá fẹ́ni kì í kọ irú èyí síni."

Mo ní kó gbé e wá. Mo wò ó, kòkòrò ni mo rí. Mo ní, "Gbé e fún ẹni tó mọ̀wé kó kà á."

"Ta ni? Àwọn tí mò ń ka fèrèsé fún lójoojúmọ́? Kí wọ́n gbọ́ pé irọ́ ni, kí wọ́n sì ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ fún Màmá?"

Ó ki í bọ àyà. Ọjọ́ kejì, ó yọ ọ́ wò ní ìgbà mọ́kànlá, mo kà á. Ọjọ́ kẹta, tíì dànù. Ọjọ́ kẹrin, ó dànù lẹ́ẹ̀mẹta, kò sì sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Orin mi gan-an kọ̀ láti jáde.

Nígbà tí ọjọ́ Ẹtì mọ́, àwọn òṣìṣẹ́ dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ fèrèsé àkọ́kọ́. Màmá ní kí Kòdànù fọ èkejì. Ó ní òun ò ní jẹ́ kí wọ́n gbé gíláàsì onídọ̀tí lọ́wọ́ òun. Kòdànù bu omi, ó fọ̀ ọ́, ó sì tún yọ lẹ́tà wò. Ibẹ̀ ni Màmá ti yọ.

Ibo ló máa fi í sí? Ó yára lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì tó tutù, ó dojú ìwé kọ ìta kí Màmá má bàa rí i, ó fi àkísà bò ó. Màmá bèèrè ọṣẹ, ó gba ọṣẹ, ó kọjá. Kòdànù ṣí àkísà.

Omi ti wọ bébà náà lára. Oòrùn òpópónà gba ẹ̀yìn rẹ̀ yọ, gbogbo lẹ́tà sì hàn kedere. B yọ ikùn sápá ilé ìdáná. E na ìka mẹ́ta síbẹ̀. Gbogbo wọn ti yíjú padà wá sílé.

Ó gbé ìka lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ ń mì.

AYỌ̀ MI, MO TI RÍ IṢẸ́. ORÍ ILẸ̀ NI MO TI Ń KỌ PÁTÁKÓ, MO JÓKÒÓ TI TÁBÌLÌ. MO GBỌ́ PÉ WỌ́N Ń BỌ̀ WÁ YỌ GÍLÁÀSÌ YÍN, MO Ń BỌ̀ LỌ́JỌ́ NÁÀ. MI Ò NÍ KANLẸ̀KÙN MÀMÁ LÁÌJẸ́ PÉ O PÈ MÍ. BÍ O BÁ FẸ́ MI, KỌ "WỌLÉ" SÍ FÈRÈSÉ. BÍ MI Ò BÁ RÍ I, MÀÁ MÁA LỌ.

Òní ni. Fèrèsé àkọ́kọ́ ti wà nílẹ̀.

"Ìyẹ̀fun," ó wí fún mi. "Àǹtí, ìyẹ̀fun àti omi, kíákíá."

Mo pò ó, mo da púpọ̀ sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan ti fi irin há ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan," Kòdànù bẹ̀ ẹ́, ó sì fi ìka kọ ọ́ láti ọwọ́ ọ̀tún wá sí òsì, bó ṣe rí i tí wọ́n ń kọ ọ́. Ìyẹ̀fun ń ṣàn sílẹ̀. Bó ṣe parí, ó wo òpópónà lápá ọ̀tún, ó wò ó lápá òsì. Kò sí ènìyàn rẹ̀ níbẹ̀.

Oníbúrọ́ọ̀ṣì ti wá kí oòrùn tó yọ dáadáa. Ó dúró lódìkejì ọ̀nà, ó wo fèrèsé méjèèjì, kò rí nǹkan kan. Ó rí i tí wọ́n yọ ọ̀kan, ó sì gbé àpò rẹ̀, ó kọrí sí ibùdókọ̀.

Oníbúrẹ́dì tó ń ti kẹ̀kẹ́ búrẹ́dì rẹ̀ bọ̀ pàdé rẹ̀ ní ìkóríta, wọ́n kíra. Ẹsẹ̀ díẹ̀ sí i, Oníbúrẹ́dì dé iwájú Fèrèsé Méjì. Ó rí ìyẹ̀fun lójú gíláàsì, ó rí ojú Kòdànù lẹ́yìn rẹ̀. WỌLÉ. Láti ìta, ó gún régé.

Oníbúrẹ́dì sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé òun ò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ẹni tó ń gbé búrẹ́dì wọlé lójoojúmọ́ láìkanlẹ̀kùn, wọn kì í kọ wọlé fún un. Ó fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ó sì sáré padà sí ìkóríta, ara rẹ̀ tó sanra ń mì, ó ń pe Oníbúrọ́ọ̀ṣì kó má wọkọ̀.

Màmá rí ìyẹ̀fun náà. "Kí lo kọ síbẹ̀?"

"Mo ní kó wọlé, Màmá. Orí ilẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Ó kọ ọ́ sí mi, mo sì kà á."

"Ìwọ lo kà á?"

"Èmi ni."

Màmá gbé ọṣẹ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Èmi ni mo yọ ọ́ níléèwé." Ó bẹ àwọn òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n dúró díẹ̀, ó lọ síbi ilẹ̀kùn, ó sì ṣí i fúnra rẹ̀. Ọkùnrin méjì ló ń mí hẹlẹhẹlẹ níta, ọ̀kan sanra, ọ̀kan tín-ín-rín.

"O ò rí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni?" Màmá bi èyí tó tín-ín-rín. "Wọlé kó o jẹun. Jẹun kó o tó lọ ibikíbi."

Kòdànù gbé tíì wá fún un, ó sì dànù sí bàtà ọkùnrin náà.

Wọ́n ṣègbéyàwó lóṣù tó tẹ̀ lé e. Búrẹ́dì Oníbúrẹ́dì la jẹ níbẹ̀. Irun orí àwọn méjèèjì ti funfun báyìí. Bí Kòdànù bá gba lẹ́tà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀, ojú fèrèsé ló ń gbé e lọ, á kọ ẹ̀yìn lẹ́tà náà sí ara rẹ̀, á kà á lójú oòrùn. Ọkọ rẹ̀ ti kọ́ ọ ní ọ̀nà kejì, ṣùgbọ́n Kòdànù ní ìyẹn ò dùn.

Lójoojúmọ́ tí ọkọ bá ti ibi iṣẹ́ dé, á dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ara rẹ̀, á ní, "Ṣé kí n wọlé?"

Kòdànù á dá a lóhùn láti inú ilé, "Àbí o ò mọ̀wé ni?"

Rọra gbé e, rọra gbé e.
Ìfẹ́ mi kò dànù.