Ìwọ̀n Eku Kẹrìnlá

Mo gbé eku kẹrìnlá sórí òṣùwọ̀n, nọ́ńbà tí mo rí kò sì dùn mọ́ mi nínú: gíráàmù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lé díẹ̀. Ó ṣì ju mẹ́rìndínlógún lọ lánàá. Òfin yàrá ìwádìí wa ní ìlú Khon Kaen kò sì fì síbì kan: eku tí kò bá ti tó mẹ́rìndínlógún mọ́, ìrora ti wọ̀ ọ́ lára, abẹ́rẹ́ oorun àsùn-ùn-jí ló kàn.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí, ìsinmi ilé-ìwé ni mo fi ń ṣèrànwọ́ níbẹ̀. A ti fi jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn sí àwọn eku náà lára. Ìdajì wọn ń gba oògùn tuntun, ìdajì yòókù ń gba omi iyọ̀ lásán. Ẹ̀gbọ́n Bunrot tó ń tọ́jú wọn ń pè mí ní ìyá eku, nítorí mo máa ń bá kẹrìnlá sọ̀rọ̀ bí ẹni ń rẹ ọmọ. Oògùn tuntun ni kẹrìnlá ń gbà. Àìsàn yìí kan náà ló dá Pun, ọmọ àbúrò ìyá mi, dùbúlẹ̀ sílé ìwòsàn. Lójú tèmi, bí eku yìí bá yè, Pun náà yóò yè.

Mo bojú wẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n Bunrot ń fọ àgò lọ́wọ́. Mo kọ mẹ́rìndínlógún ààbọ̀ sínú ìwé.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kẹrìnlá ti ká kò sí igun àgò, kò lè rìn dé ìdí omi. Ó tutù lọ́wọ́ mi. Èmi ni mo fi ìyà ọjọ́ kan kún ìyà rẹ̀, mo sì sunkún. Mo gbé e lọ bá Olùkọ́ Wilai, ọ̀gá wa, mo pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, mo tẹrí ba, mo jẹ́wọ́.

Wọn kò pariwo. Wọ́n kọ́kọ́ fún eku náà lábẹ́rẹ́ tó fi sùn, kí wọ́n tó jókòó tì mí.

"Waen, eku ò lẹ́nu. Òṣùwọ̀n lẹnu ẹ̀. Ìwọ wá fọwọ́ bò ó lẹ́nu."

"Àánú ẹ̀ ló ṣe mí, mà."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ká ní o ò sọ ni, irọ́ ẹ ì bá máa sọ pé oògùn yìí ń ṣiṣẹ́. Ta la máa wá fún lóògùn ọ̀hún? Ṣé kì í ṣe Pun?"

A fagi lé àkọsílẹ̀ kẹrìnlá, gbogbo ìyà tó jẹ sì di òfo. Olùkọ́ gba ìwé lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n máa fọ àgò. Ẹ̀gbọ́n Bunrot kò pè mí ní ìyá eku mọ́, ìyẹn ló dùn mí jù.

Lọ́jọ́ tí àwọn àlùfáà tẹ́ńpìlì wá gbàdúrà fún àwọn eku tó ti kú, bí a ti ń ṣe lọ́dọọdún, mo gbé òdòdó kalẹ̀ fún kẹrìnlá, mo tọrọ àforíjì. Lẹ́yìn náà, Olùkọ́ Wilai na ìwé sí mi.

"Wọn eku kẹsàn-án wò."

Oògùn ni òun náà ń gbà. Mo gbé e ka òṣùwọ̀n: mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lé díẹ̀. Pun ṣì wà lórí ibùsùn. Mo kọ ohun tí mo rí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá mú kẹsàn-án. Àsìkò ẹ̀ ti tó."

Ó rọra gba eku náà lọ́wọ́ mi. "O káre, ìyá eku."

Mo sunkún lọ́jọ́ náà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ pé àánú tí a bá fi irọ́ ṣe, ìyà ló ń dà fún ẹni tí a ní à ń ṣàánú. Òtítọ́ korò, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ló lè wá oògùn fún Pun.