Fèrè Kan ní Kọ́nà

Ẹsẹ̀ ni Nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ rí kó tó rí ẹni tó ni ín. Ẹsẹ̀ méjì tí ìyẹ̀fun pákó bò yọ síta lábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù tí wọn ò tíì kàn tán. Alùpùpù àlòkù kan fara ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ "Títà ni" sára pákó pẹlẹbẹ, wọ́n gbé e lé ìjókòó rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nísàlẹ̀."

"Ẹ ṣé o. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀dì lẹ bá wá, kò tíì yá."

"Alùpùpù ni."

Kọ́bọ́ọ̀dù mì, orí kan kọ lù ú, Káfíńtà sì yọ jáde, ó ń fọwọ́ ra iwájú orí. Ó wo aṣọ funfun tí obìnrin náà wọ̀. "Ta lẹ fẹ́ rà á fún?"

"Èmi náà ni."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín yẹ̀yẹ́, ẹ̀rín ẹni tí inú rẹ̀ dùn láìròtẹ́lẹ̀ ni. Ìfẹ́ tó bá fẹ́ wọlé kì í wá ilẹ̀kùn, abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù gan-an tó fún un.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń lé Nọ́ọ̀sì. Kí bàbá wọn tó kú, ó di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì ọkùnrin mú, ó ní, "Má jẹ́ kí ohunkóhun ṣe àbúrò rẹ." Ẹ̀gbọ́n fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àgbékọ́rùn. Láàárọ̀, ọkọ̀ rẹ̀ ló ń gbé àbúrò rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Nírọ̀lẹ́, òun náà ni yóò wá gbé e. Bó bá ti fọn fèrè ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́nu géètì, Nọ́ọ̀sì á ju ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, á jáde. Aráyé ń sọ pé, "Ìwọ lo ní ẹ̀gbọ́n!" Àmọ́ bí oore bá pọ̀ lápọ̀jù, ibi ní í dà. Ọkùnrin méjì ti wá, àwọn méjèèjì ti lọ. Ta ló fẹ́ dúró ti obìnrin tí wọ́n ń fi fèrè pè bí ẹran tó fẹ́ wọ ilé? Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún dáadáa, kò sì mọ títì tó lọ sílé wọn ju bí gíláàsì ọkọ̀ ṣe fi hàn án lọ.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń tà á?" ló bi Káfíńtà. "Ṣé ara rẹ̀ ò yá ni?"

"Ara tirẹ̀ yá. Ìyá mi ni ọkàn wọn ò balẹ̀."

Orí alùpùpù mìíràn ni àbúrò Káfíńtà ti kú. Láti ọjọ́ náà ni ìyá wọn ti mú kó búra pé òun ò ní jókòó sórí ọ̀kankan mọ́, àyàfi bí ìyá bá fi ẹnu ara rẹ̀ tú u sílẹ̀. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Nọ́ọ̀sì sanwó. Kò mọ̀ pé gbígbé e lọ ló máa le.

Bí ìsinmi ọ̀sán bá ti dé, wọ́n á lọ kọ́ gígùn rẹ̀ ní pápá tó wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń la pákó. Káfíńtà ò lè gùn ún láti fi hàn án, nítorí náà ó ń di ẹ̀yìn ìjókòó mú, ó ń sáré tẹ̀ lé e.

"Rọra tú kílọ́ọ̀ṣì! Mo ní rọra!"

"Mo rọra o!"

"Ìyẹn ni rọra yín? Ṣé báyìí náà lẹ ṣe ń gún àwọn èèyàn lábẹ́rẹ́?"

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí ẹ́ńjìnnì fi kú mọ́ ọn lábẹ́.

Àmọ́ bó bá ti ní òun fẹ́ máa gbé e lọ, Káfíńtà á rí àbùkù tuntun. Ṣéènì ti dẹ̀. Bíréèkì ẹ̀yìn ò mú tó. "Àga tó bá ṣì ń mì kì í kúrò ní ṣọ́ọ̀bù mi," ni yóò wí. Lọ́jọ́ kan Nọ́ọ̀sì dé, ó rí i pé ó ti yọ ìjókòó kúkurú náà dànù, ó ti fi pákó àti fóòmù ṣe èyí tó gba èèyàn méjì.

"Káfíńtà, èmi nìkan ni mo rà á. Ta ló fẹ́ jókòó lẹ́yìn?"

Ó ń fi sáńpépà ra pákó tó ti dán tẹ́lẹ̀. "N ò mọ̀."

"Ó wá ku kẹ́ ẹ tún títì ṣe! Ẹ sòótọ́ fún mi, kí ló bàjẹ́ lára rẹ̀?"

"Kò sí. Ara tèmi ló wà. Bẹ́ ẹ bá ti gbé e lọ, kí ló máa gbé yín padà wá?"

Nọ́ọ̀sì gba sáńpépà náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ààyò mi," ó ní, "ṣé ẹ rò pé alùpùpù ni mò ń wá wò látọjọ́ yìí?"

Ibi tí wọ́n wà nìyẹn tí fèrè dún lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹsẹ̀ Nọ́ọ̀sì dìde fúnra rẹ̀, ọkàn rẹ̀ ò tíì sọ pé kó dìde. Ìyẹn ló bà á nínú jẹ́ jù.

Ẹ̀gbọ́n wọlé, ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti júwe ibẹ̀ fún un. "Ibí lo wá ń ṣe ìsinmi?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti ra alùpùpù."

"O ra kí ni? Ọ̀kadà? Ìwọ ọmọ bàbá mi!" Ó yíjú sí Káfíńtà. "Ìwọ tó tà á, gùn ún kí n rí i."

Káfíńtà wolẹ̀. "Mi ò lè gùn ún, sà. Mo búra fún ìyá mi."

"Ọkùnrin tí ò lè gun ohun tó ń tà! Ibo ni eléyìí fẹ́ gbé ọ dé?"

Nọ́ọ̀sì ti alùpùpù jáde, ó fẹsẹ̀ ta á, ẹ́ńjìnnì ò dáhùn. Ó tún un ta, ẹ́ńjìnnì sì bú jáde. "Ẹ máa bọ̀ lẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mi."

Ẹ̀gbọ́n tẹ̀ lé e lóòótọ́, ó ń fọn fèrè títí dé ilé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó tún tẹ̀ lé e. Ojoojúmọ́ ni, iwájú ni alùpùpù, ẹ̀yìn ni ọkọ̀, bí ìrù. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, tírélà dábùú ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, Ẹ̀gbọ́n há. Nígbà tó fi dé ilé ìwòsàn, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, àbúrò rẹ̀ ti wọṣọ iṣẹ́, ó ń wẹ egbò aláìsàn.

"O dé láyọ̀?"

"Mo dé láyọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó jókòó sáàárín àwọn aláìsàn, omi bọ́ lójú rẹ̀. "Bàbá ní kí n má jẹ́ kí ohunkóhun ṣe ọ."

"Ẹ ò sì jẹ́ kí ohunkóhun ṣe mí lóòótọ́," ni Nọ́ọ̀sì wí pẹ̀lẹ́. "Ọkọ ò ṣe mí, ọ̀rẹ́ ò ṣe mí, ayé gan-an ò ṣe mí."

Láti ọjọ́ yẹn ni Ẹ̀gbọ́n ti padà lẹ́yìn rẹ̀.

Àmọ́ Káfíńtà ṣì wà nínú ìbúra tirẹ̀. Nírọ̀lẹ́, Nọ́ọ̀sì á yà ní ṣọ́ọ̀bù. Ọkùnrin ò lè gùn ún, obìnrin ò fẹ́ fi í sílẹ̀, ni wọ́n bá ń jọ ti alùpùpù gun òkè lọ sílé ìyá rẹ̀.

"Ó kú ni?" làwọn ará àdúgbò ń bi wọ́n.

"Kò kú."

"Epo tán?"

"Ó kún."

"Kí ló wá ṣe yín?"

"Ìfẹ́ ni," Nọ́ọ̀sì á dáhùn, òógùn á máa bọ́ lára rẹ̀.

Ìyá Káfíńtà ń wò wọ́n lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́jọ́ tí òjò pa wọ́n rin gbingbin, tí wọ́n sì ń ti alùpùpù tí ara rẹ̀ le koko nínú ẹrẹ̀, ìyá wọlé. Nígbà tó jáde, ó gbé akoto kan tó fi aṣọ wé dání.

"Àbúrò rẹ ló ni ín," ó sọ fún ọmọ rẹ̀. "Ilé ló gbé e sí lọ́jọ́ náà." Ó dé e fún un, ó fọwọ́ ara rẹ̀ so okùn rẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n. "Gbogbo àdúgbò ti ń pè mí ní bíréèkì. Mo tú ọ sílẹ̀. Àmọ́ ẹ̀rù ṣì ń bà mí o, kò ní tán lára mi."

"Màámi..."

"Dákẹ́ kí n má baà yí ọkàn padà." Ó di Nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ mú. "Ìyàwó mi, n ò lè fojú rí i. Bẹ́ ẹ bá dé kọ́nà, fọn fèrè fún mi, kí n mọ̀ pé ẹ ti kọjá."

Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Káfíńtà jókòó sórí ìjókòó tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn, ó di Nọ́ọ̀sì mú níbàdí. Obìnrin tí wọ́n ti ń fi fèrè pè látìgbà tó ti dàgbà na àtàǹpàkò, ó fọn tirẹ̀ ní kọ́nà àkọ́kọ́.

Nínú ilé, ìyá mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tún tẹ́tí sílẹ̀, nítorí kọ́nà mìíràn wà níwájú.