Ilé Tí Kò Dá Ràṣídì Mọ̀

Ìwọ tí o fẹ́ kó jáde nínú ilé tí ò ń gbé, kí o fi í háyà, fara balẹ̀. Má tíì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ayálégbé. Kọ́kọ́ lọ bi àgbà ilé yín léèrè ibi tí wọ́n bí ọ sí. Ràṣídì ò bi ẹnikẹ́ni.

Ẹdẹ ló ń gbé, rédíò ló ń tún ṣe. Nígbà tí àwọn ológun gbé ṣáàpù dé, ètò tó sọ owó di ọ̀wọ́n, ta ló tún rántí rédíò? Kúlúsúmù ìyàwó rẹ̀ kó àwọn ọmọ lọ bá àwọn òbí rẹ̀ ní Ìwó. Ó wá ku Ràṣídì àti ìró ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nínú ilé tí bàbá rẹ̀ kọ́. Ló bá ká ẹní rẹ̀ lọ sí ilé ìdáná ẹ̀yìnkùlé, ó fi ilé háyà fún Jacob, tíṣà kan, àti Àtinúkẹ́ ìyàwó rẹ̀ tó lóyún. Ìjọba ò sanwó fún tíṣà, tíṣà ò rówó ilé san.

Ìyẹn ló gbé Ràṣídì dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn kan lójú ọ̀nà ìlú Ara. Ọ̀sán gangan ni, àmọ́ inú yàrá náà dúdú bí ìdí ìkòkò. Nǹkan kan ń mí lẹ́bàá ògiri. Ràṣídì ò wò ó.

"Ilé ni yóò ṣiṣẹ́ fún ọ," ni oníṣègùn wí. "Ẹni tí ibi tó tẹ̀lé e jáde nínú ìyá rẹ̀ bá wà nínú ilẹ̀ ibẹ̀, òun ni onílé, òun àti àwọn tó bí i. Ẹni tó kù, àlejò ni. Ilé á máa mu ẹ̀jẹ̀ àlejò, á máa pọ owó fún ọ."

"Wọ́n á kú ni, bàbá?"

"O ti jẹun lónìí?"

Ràṣídì mi orí pé rárá.

"Ibi tìrẹ ńkọ́? Ṣé ibẹ̀ ló wà?"

"Ilé bàbá mi ni."

"Mi ò bi ọ́ léèrè bàbá rẹ."

"Ibẹ̀ náà ni." Níbo ni ì bá tún wà?

Oníṣègùn rẹ́rìn-ín. Ó fi abẹ là á ní àtẹ́lẹwọ́. "Ilẹ̀ kì í gbàgbé ohun tí wọ́n fún un. Ilẹ̀, mọ ọmọ rẹ. Ilẹ̀, mu àlejò." Ẹ̀jẹ̀ kán sínú ìkòkò kékeré, ìkòkò dún bí ọ̀fun ẹni tó ń mumi.

Ràṣídì ri ìkòkò náà sábẹ́ ìloro ilé rẹ̀. Kò pẹ́, owó dé. Ojú abẹ ọwọ́ rẹ̀ ò jinná, kò kà á sí.

"Bàbá onílé," ni Àtinúkẹ́ wí, "ẹ bá mi wo ẹnu mi. Ẹ̀jẹ̀ eyín mi ò dá."

"Fi omi iyọ̀ fọ ẹnu." Kò wo ojú rẹ̀. Ó jẹ ẹran lóun nìkan nílé ìdáná, ó ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti inú yàrá tó jẹ́ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò ké sí i.

Ọ̀wọ́n epo wà lọ́jọ́ tí ọmọ mú Àtinúkẹ́. Wọn ò rí mọ́tò. Orí ilẹ̀ yàrá ló bí i sí. Jacob ri ibi ọmọ náà sídìí igi ọ̀rọ̀ńbó ẹ̀yìnkùlé, gẹ́gẹ́ bí gbogbo wa ṣe ń ṣe.

Láti ìgbà náà ni ẹ̀jẹ̀ eyín Àtinúkẹ́ ti dá. Imú Ràṣídì ló wá ń ṣẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn náà, etí. Ẹ̀jẹ̀ tó kán sílẹ̀ ò dúró lójú kan. Ó ń fà bí ekòló, ó ń lọ sí ìloro.

Ó sáré lọ bá Àwáwù, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀.

"Ìyá, níbo ni wọ́n ri ibi mi sí?"

"Ìlú Awo ni. Ìyá rẹ lọ kí àwọn èèyàn ẹ̀, ibẹ̀ ló bí ọ sí. Kí ló ṣe ọ́ nímú?"

 Ràṣídì ti ń sáré padà lọ hú ìkòkò náà.

Jacob ló bá a lẹ́nu ìloro. Apá Ràṣídì wọ inú ihò tó gbẹ́ dé èjìká. Awọ ara rẹ̀ lẹ̀ mọ́ egungun bí awọ ewúrẹ́ tí wọ́n sá sóòrùn. Kò sí ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀, kò sí nínú ara rẹ̀.

Wọ́n pe Àwáwù. Ó wo ihò, ó wo ìdí igi ọ̀rọ̀ńbó.

"Ìyá," ni Jacob wí, "ta la ó máa sanwó ilé fún báyìí?"

Àwáwù yíjú sí ìkókó tó ń mu ọmú. Ó wò ó pẹ́.

"Ìyá?"

Ó fi etí gèlè bo ẹnu. "Ẹ pe àwọn tí yóò sin ín. Èmi ò ní sọ nǹkan kan mọ́."